Ẹ Bọ́ Bàtà Yín

"Ẹ dúró níbẹ̀!" Ìyá onílé na igi mọ́ọ̀pù sí àwọn panápaná tó fẹ́ já wọlé. "Iyọ̀ tí wọ́n dà sórí yìnyín títì ló kún bàtà yín yẹn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọtí kíkan fínígà nu táìlì yìí ni!"

"Màmá, ilé yín ń jó!"

"Ṣé iná ló ní kí ẹ má bọ̀ọ́ bàtà ni?"

Ojú tì wọ́n. Ọmọ Winnipeg, ìlú yìnyín ní Kánádà, wo ló ń wọ bàtà wọlé onílé? Wọ́n jókòó sórí yìnyín, wọ́n ń fa bàtà yọ. Kí wọ́n tó bọ́ ọ tán, ilé ti jó tán.

Ìyá onílé gbá eérú, ó tún táìlì nù, ó ń dán gbinrin lábẹ́ ọ̀run.

Orest aládùúgbò wá bá a kẹ́dùn. Ó dé ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó bọ́ bàtà.

"Ẹ kú ilé o!"