Obìnrin Inú Agolo Bísíkíìtì

Nígbà tí onílé ní kí Tak Se-mun kó ṣọ́ọ̀bù fọ́tò rẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ìlú Busan, iyàrá méjì lórí òkè ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Pil-rye, rí kó lọ. Fọ́tò ọgbọ̀n ọdún gbọ́dọ̀ wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, tìmùtìmù àti aṣọ ìbora wọn sì ti gba ìdajì rẹ̀.

Pil-rye ló ń ṣà á. Ó tú fọ́tò kúrò nínú férémù, ó tò wọ́n lóòró sínú páálí bàtà, ó kó fíìmù sínú àpòòwé pẹlẹbẹ. Ẹni tó bá ní méjì, ẹyọ kan ló ń kù fún un. Tọkọtaya tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ń padà sùn pọ̀ nínú páálí kan, àyè ò gba ìjà. Alága àdúgbò tó ya mẹ́sàn-án nígbà tó ń dupò ku ẹyọ kan. Ó kúkú fìdí rẹmi.

Àwọn obìnrin Busan fẹ́ràn Se-mun. Kò sẹ́ni tó mọ bí a ṣe ń fi pẹ́ńsùlù tún ojú fíìmù ṣe títí ìhunjọ ojú á fi pòórá bíi tirẹ̀. Ìyá arúgbó á wọlé, ọmọge á jáde. Pil-rye fúnra rẹ̀, nínú fọ́tò tí ọkọ rẹ̀ yà fún un, ojú rẹ̀ ń dán bí ẹyin tí wọ́n bó.

Ẹ̀yìn ìgò oògùn fọ́tò ló ti rí agolo bísíkíìtì kan tí wọ́n fi okùn so. Obìnrin kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, nínú fọ́tò tó pọ̀, kò sì sí èyí tó ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Nínú ti ìsàlẹ̀, ọmọge ni; bí Pil-rye ṣe ń bọ̀ lókè ni obìnrin náà ń dàgbà, tí irun rẹ̀ ń funfun. Bùbá funfun kan náà ló wọ̀ nínú gbogbo wọn. Létí fọ́tò kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n gé e sí, ọwọ́ ọkùnrin kan di tirẹ̀ mú. Ìka tó kéré jù níbẹ̀ wọ́, bí ti Se-mun ṣe wọ́.

Pil-rye yí wọn padà. Ọjọ́ ìbí Se-mun ni wọ́n kọ sẹ́yìn gbogbo wọn, láti ọdún dé ọdún.

Ó jókòó sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ló máa ń se ọbẹ̀ ewé òkun tí wọ́n ń se fún ẹni tó ń ṣọjọ́ ìbí. Abọ́ méjì ni Se-mun máa ń bù, á jẹ ọ̀kan, á fi ìkejì sílẹ̀ títí á fi tutù. Lẹ́yìn náà, á mú dígí tó fi ń fárùngbọ̀n, á wọ iyàrá òkùnkùn tó ti ń fọ fọ́tò, á ti ilẹ̀kùn. Iyàrá náà sì ní ilẹ̀kùn mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé.

Èyí tó dun Pil-rye jù ni ìhunjọ ojú obìnrin náà. Se-mun ò pa ẹyọ kan rẹ́. Ó pa ti gbogbo ayé rẹ́, ó pa tòun náà rẹ́, ó wá fẹ́ràn ti ẹni yìí débi pé ó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ó gbé agolo lọ bá Ìyá Dal-ho, aládùúgbò wọn tó ń ta ẹja oníyọ̀. Ìyẹn nu ọwọ́, ó gbé fọ́tò súnmọ́ ojú.

"Wo imú. Wo iwájú orí. Ti ọkọ rẹ gẹ́lẹ́ ni. Ṣebí tọkọtaya tó bá pẹ́ pọ̀ ní í jọra? Ìwọ tó o ti ń se oúnjẹ fún un látọjọ́ yìí, imú bàbá rẹ ló ṣì wà lójú rẹ."

Lálẹ́, Pil-rye sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kò sáyè fún agolo kan báyìí nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Yọ ìrọ̀rí mi jáde," ni Se-mun wí.

"Bàbá In-suk, ta ni?"

Ó dìde, ó lọ fọ ọwọ́. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí wọ́n bá ti bi í ní ìbéèrè tí kò fẹ́. Ìgbà tí ọmọ wọn, In-suk, wà ní kékeré tó bi í pé ta ló kù fún un ní Àríwá, níbi tó ti bá ọkọ̀ ojú omi sá wá nígbà ogun, tí kò sì sẹ́ni tó lè padà síbẹ̀ mọ́, ó fọ ọwọ́ títí omi fi tán.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Se-mun jáde, bàbá tó ń ra bébà àti agolo àtijọ́ ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bọ̀ nínú ọ̀nà tóóró náà. Kò fowó san án. Yeot ló ń gé fúnni, súìtì tó ń lẹ̀ mọ́ eyín. Pil-rye yọ fọ́tò tó wà lókè pátápátá, ó fún un ní ìyókù tagolo-tagolo. Ó ṣì ń wo kẹ̀kẹ́ náà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń lọ bébà àtijọ́ kúnná. Inú rẹ̀ dùn. Àyè tiẹ̀ ṣẹ́ kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Nígbà tí Se-mun dé, fọ́tò kan àti àwo yeot ló bá lórí tábìlì.

"Ìyókù ńkọ́?"

"Òun nìyẹn nínú àwo. Ẹ jẹ ẹ́, Bàbá In-suk. Àlè kì í korò."

Se-mun jókòó, ó yọ ìdajì fọ́tò kan tó ti gbó nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, níbi tí ọmọkùnrin kan tó ní imú obìnrin yẹn ti na apá tí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ lọ, ó tò ó ti èyí tó wà lórí tábìlì títí apá fi pàdé ọwọ́, ó ní, "Ìbejì ni èmi àti òun, ọwọ́ wa já níbi tí èrò ti ń wọkọ̀, fọ́tò kan ṣoṣo yìí ló sì wà láyé, èmi ni mo ń ya ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dọọdún, tí mo ń wo dígí, tí mo ń fi pẹ́ńsùlù gbé ohun tó bá kún ojú mi sí ojú rẹ̀, kó má baà kú ní kékeré."