Ẹ̀jẹ̀ Àbúrò, Ọkàn Ẹ̀gbọ́n

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì o. Ẹ kà á tán, pàápàá bí ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tí ń lo oògùn ọkàn nílé.

1. Ní ọdún 1983, ọkùnrin kan wà ní Sókótó tí ń jẹ́ Gbádéyan. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, fọkanáísà ni. Ẹ̀gbẹ́ Kasuwar Kara, ọjà ẹran ọ̀sìn, ló ti ń lẹ táyà, kò sì sí awakọ̀ ọ̀nà Wamakko tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó sọ ọ́ di olókìkí ni géèjì rẹ̀, irin tó fi ń wọn afẹ́fẹ́ inú táyà. Bí táyà le bí òkúta, Gbádéyan kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ lọ láìfi géèjì wò ó. "Ojú ò mọ ohun tó wà nínú táyà," ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Bó bá sùn gbalaja, èémí kò ní délẹ̀. Ó di kó máa fi ìrọ̀rí mẹ́ta ti ẹ̀yìn. Ní ọsibítù, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ kò lágbára tó láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́. Dókítà Àmínù fún un ní oògùn mẹ́ta. Ọ̀kan ń ti ọkàn lẹ́yìn. Ọ̀kan ń mú un tọ omi tó kó sí i lára dànù. Ẹ̀kẹta ń dá iyọ̀ kan padà sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí bí omi ṣe ń jáde ni iyọ̀ náà ń bá a lọ. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o! Pòtásíọ̀mù ni wọ́n ń pè é. Bó bá dín kù jù, oògùn ọkàn á di májèlé.

"Bàbá, lóṣooṣù la ó máa fa ẹ̀jẹ̀ yín wò," ni dókítà wí. "Ẹ̀jẹ̀ ló máa sọ ohun tí ọkàn yín lè gbé fún mi. Bó bá ti dára, ẹ lè máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀."

2. Oṣù méjì kọjá, àbájáde kò dára tó. Àwọn oníbàárà ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Lọ́jọ́ kan, Mamman awakọ̀ tìrélà kí i láti orí ọkọ̀: "Sannu, Gbádé! Wọ́n ní o ti lóyún, pé o ń lọ kílíníìkì lóṣooṣù!"

Gbogbo Kara rẹ́rìn-ín. Gbádéyan náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra. Ó pe àbúrò rẹ̀, Ọ̀ṣúnṣínà, télọ̀ ní àdúgbò Runjin Sambo. Ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú wọn ti rí èkejì.

"Gba káàdì ọsibítù mi. Lọ fún wọn ní ẹ̀jẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ tèmi kọ́ ni wọ́n ń bèèrè."

"Ẹ̀jẹ̀ bàbá kan náà ṣáà ni! Tìrẹ dára, wọ́n á jẹ́ kí n lọ ṣiṣẹ́ mi."

Ọ̀ṣúnṣínà lọ. Ṣé ẹ rí i? Ọkùnrin tí kò gbà kí wọ́n fojú lásán wo táyà ló fẹ́ kí dókítà fi ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wo ọkàn òun.

3. Àbájáde dára gan-an. Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ kún. Inú dókítà dùn. Ó ní kí Gbádéyan dá oògùn kẹta dúró kó má baà pọ̀ jù, kó sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbádéyan kò jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó dé Kara.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí oúnjẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn sí i. Ó ń bì. Lẹ́yìn náà, gbogbo nǹkan di pupa rúsúrúsú lójú rẹ̀. Ẹ̀wù funfun Mamman dà bí èyí tí wọ́n rẹ sínú omi epo. Ó ń fi irin yọ táyà lọ́wọ́ ni ọkàn rẹ̀ ta kìjì, ó dúró, ó tún ta kìjì-kìjì. Ó ṣubú. Mamman tó fi í ṣẹ̀fẹ̀ ló dá ọkọ̀ dúró, tó gbé e dé ọsibítù.

4. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láti apá òun fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Dókítà Àmínù gbé ìwé méjì sókè.

"Lóṣù tó kọjá, iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún. Lónìí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Bí mo bá fún un ní iyọ̀ yìí, tí tòní sì jẹ́ àṣìṣe, màá pa á ni."

Gbádéyan gbọ́. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ẹ̀mí dùn. "Dókítà," ó mí hẹ̀lẹ̀, "ti àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ni."

Táwà, ìyàwó rẹ̀, káwọ́ lérí. "Bàbá Ọpẹ́láyọ̀! Ọ̀ṣúnṣínà ni wọ́n ń tọ́jú, ẹ̀yin wá ń bá a gbé oògùn mì!"

Dókítà kò bá Gbádéyan wí. Ó dá oògùn ọkàn dúró lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì po iyọ̀ náà mọ́ omi, ó ń kán sí i lára díẹ̀díẹ̀.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Gbádéyan tẹjú mọ́ ìyàwó rẹ̀. "Táwà, ìborùn rẹ funfun."

"Funfun ni mo rà á," ni Táwà dáhùn. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Mamman wá kí i. "Gbádé, bí mo bá gbé táyà ọkọ̀ ẹlòmíì wá kí o wọ̀n ọ́n, ṣé tèmi á kún?"

"Haba, Mamman."

5. Gbádéyan kò gbé táyà tìrélà mọ́ láyé rẹ̀. Ó fi irin lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n géèjì kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣooṣù, ó ń ká apá ẹ̀wù sókè fún wọn ní ọsibítù, apá tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, apá kan náà ló fi gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ Ọpẹ́láyọ̀, níbi ìkómọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtìjú tan ẹni tó fẹ́ gbà yín là. Bí ẹ kò bá lo oògùn, ẹ sọ ọ́. Bí àbájáde kò bá dára, ẹ jẹ́ kó burú lórí ìwé, kó lè dára lára yín. Ẹni tó tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn: àpọ́n tí kò láya nílé, tó ní kí òrìṣà bun òun lọ́mọ.