Jìtá Tó Yadi

"Dúró! Etí lo tún fi ń ka orin!"

Atajìtá náà ń yí ìdí bí ẹni jókòó lé ẹ̀gún. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ wọ̀ lọ́la kì í gba ẹni tí kò lè ka orin lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ tó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́ta péré, ìka rẹ̀ á ti máa méfò ìyókù.

Ìyá tó ń kọ́ ọ fi aṣọ di okùn jìtá pa kó má baà dún, ó gbé ìwé mìíràn síwájú rẹ̀. Atajìtá fi ìka kà á dé òpin lórí okùn tó yadi, òógùn bò ó.

"Orin wo nìyẹn?"

"N ò mọ̀, mà."

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á nìyẹn." Ìyá yọ aṣọ kúrò lára okùn. "Tún un ta."

Kò tíì ta á jìnnà tí ọwọ́ rẹ̀ fi dúró. Orin tóun fúnra rẹ̀ ṣe fún ọmọ rẹ̀ ni, tó ń ta lábẹ́ fèrèsé ìyá ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, nígbà tó ń dúró kó ṣílẹ̀kùn fún un.

Ó fọwọ́ kan ìwé náà. Tàdáwà rẹ̀ kò tíì gbẹ.