Ojúnìwọ̀n àti Àgbàlá Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń fi awò kàwé àti ẹ̀yin èwe tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìtàn mi dá lórí ọkùnrin kan tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n tí kì í gba ìmọ̀ràn. Àlébù kan ṣoṣo tí ó ní nìyẹn, ó sì tó o.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni títún ilé ṣe àti títẹ́ òkúta sí àgbàlá. Bí ó bá dé ilé oníbàárà, kì í na téèpù, kì í ta okùn. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò di ojú òsì, yóò sì fi ojú ọ̀tún wo ilẹ̀ láti igun dé igun. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ iye òkúta tí ilẹ̀ náà yóò gbà, kì í sì í fi ju òkúta méjì tàbí mẹ́ta ṣì í. Ẹnu a máa ya àwọn bíríkìlà ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Ojúnìwọ̀n. Bí wọ́n bá bi í pé okùn rẹ̀ dà, èsì kan náà ni: "Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣé ẹ ti rí alákàn tó ń wọ́ okùn kiri?"

Nígbà tí ó yá, ìyá rẹ̀ darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé sókè dáadáa mọ́. Ẹ̀gbọ́n Ojúnìwọ̀n obìnrin, tí í ṣe aránṣọ, fẹ́ mú ìyá lọ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Ojúnìwọ̀n kọ̀ jálẹ̀. Kò sí ohun tí ó wù ú láyé ju pé kí ìyá rẹ̀ lo ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lábẹ́ òrùlé òun.

"Ilé ẹ dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí, "àmọ́ àtẹ̀gùn méjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá tó o fẹ́ fi wọ́n sí. Ṣé wàá máa gbé wọn fò ó ni?"

"Ẹ fún mi lóṣù kan, ẹ̀gbọ́n mi. Màá mú kí ilẹ̀ gòkè wá pàdé ẹsẹ̀ wọn."

"Ó dáa. Tí yàrá yẹn bá bá wọn lára mu, wọn ò kúrò mọ́. Tí ò bá bá wọn mu, mò ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn."

Ojúnìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó fi iyanrìn gbé àgbàlá sókè títí ó fi bá ẹnu ọ̀nà yàrá dọ́gba. Ó la ọ̀nà kan tí ènìyàn méjì lè rìn pọ̀, láti ẹnu ọ̀nà ìyá dé ìdí igi tí ìjókòó wà. Ihò àtijọ́ kan wà lẹ́sẹ̀ ògiri ọgbà, níbi tí omi ń gbà jáde sí gọ́tà. Ó ní ihò náà yóò ba ẹwà iṣẹ́ òun jẹ́, ó sì fi sìmẹ́ńtì dí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ó tó to òkúta, ìyá rẹ̀ tẹ ọ̀pá jáde. Ó ní kí wọ́n bu omi korobá kan wá, ó sì rọra dà á sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gún. Omi náà dúró díẹ̀, bí ẹni tí ó ń ronú. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ́rí padà, ó sì ń ṣàn bọ̀ sí ẹnu ọ̀nà yàrá.

"Ọmọ mi, ṣó o rí i? Bi omi léèrè kó o tó tẹ́ òkúta. Omi kì í purọ́."

Ojúnìwọ̀n rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ẹ má da ara yín láàmú. Iyanrìn á fà á mu."

"Òkúta ńkọ́? Ṣé òun náà á mu ún?"

"Ẹ wọlé, kí oòrùn má pa yín."

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn tí ń kọjá lọ ń dúró wo inú ọgbà. Òkúta pupa àti òkúta aláwọ̀ eérú tò bí ìpẹ́ ẹja, wọ́n sì ń yí kọ́lọkọ̀lọ. Ìyá wọ́ ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi láìkọsẹ̀, ó sì jókòó. Ẹ̀gbọ́n rin ọ̀nà náà lọ, ó sì rìn ín bọ̀. "Àbúrò mi," ni ó wí níkẹyìn, "mo gbà fún ẹ."

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ojúnìwọ̀n sáré láti ibi iṣẹ́ wálé. Bí ó ti dé ẹnu ọ̀nà ọgbà, omi ti bo òkúta. Omi náà kò hó, kò pariwo. Ó ń ti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bọ̀, ó pàdé lórí ọ̀nà tí ó là fún ìyá rẹ̀, ó sì ń rìn lọ sínú yàrá ní fífẹ̀ ènìyàn méjì. Gbogbo ibi tí ó ti yí òkúta nítorí ẹwà ni omi náà ti ń yí, bí ọba tí wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ dè. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò dára lójú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó bá ìyá rẹ̀ lórí ibùsùn, tí ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè. Omi ti kan tìmùtìmù.

"Ọmọ mi," ni ìyá wí wẹ́rẹ́, "omi ti dáhùn."

Ojúnìwọ̀n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ìyá rẹ̀, ó sì pọ̀n ọ́n gba inú omi kọjá, bí ìyá náà ti pọ̀n ọ́n nígbà èwe rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n ni ó gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n kò bínú, kò sì kígbe. Ó na aṣọ gbígbẹ fún ìyá, ó ní: "Lọ́la ni mò ń bọ̀ wá kó ẹrù wọn."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ìròyìn tàn ká, àwọn oníbàárà ń fà sẹ́yìn, àwọn bíríkìlà sì pa orúkọ rẹ̀ dà sí Bomi-léèrè. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú òkúta náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó la ihò ògiri padà, ó ta okùn, ó mú kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ sí ọ̀nà gọ́tà, ó sì ń da korobá lé korobá títí omi fi ń sáré jáde, kí ó tó tún òkúta náà tẹ́. Lónìí, àgbàlá náà máa ń gbẹ kí òjò tó dá tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó padà wálé, ìdáhùn ìyá kò gùn: "Ẹsẹ̀ mi ti mọ ilẹ̀ ibí, ọmọ mi." Ọ̀nà tí ènìyàn méjì lè rìn pọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Òun nìkan ní í rìn ín.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé ẹ̀bùn kò ní kí a má wádìí. Ẹni tí ojú rẹ̀ mú jù lọ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ta okùn, nítorí pé àṣìṣe rẹ̀ ni ènìyàn kò ní tètè fura sí. Bí o bá ń tún ilé ṣe fún ẹni tí o fẹ́ràn, gbọ́ ohun tí ẹni náà ń sọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn: ṣé kí ọkùnrin yìí tún padà lọ bẹ ìyá rẹ̀ ni, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ níbi tí ara ti tù ú?