Ẹni Tó Fẹjọ́ Soulé Sùn

Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ṣówándé. Ọdún kejì rẹ̀ rèé tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Porto-Novo, lásìkò tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ènìyàn máa pe ara wọn ní kàmáráàdì. Yàrá kan ló gbà ní àdúgbò Houinmè, nílé Tàntí Alphonsine, opó kan tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Brésil padà wálé.

Iṣẹ́ náà kò sú u, àmọ́ ilé-ìwé náà ń bí i nínú. Ìwé kíkà tí wọ́n fún un kún fún yìnyín àti ọkọ̀ ojú irin Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì rẹ̀ kò fojú rí rí. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tójú òun fúnra rẹ̀ rí lópin ọ̀sẹ̀ ló ń fi kọ́ wọn. Wọ́n tún ní kó máa kọ gbogbo ẹ̀kọ́ tó bá kọ́ sínú ìwé kíláàsì, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Jímọ̀, bí ẹni ń ṣọ́ ọmọdé. Inú bí i, ó sì ń kọ ọ́ láìfo ìlà kan, kí wọ́n má baà ní ọmọ Nàìjíríà ya ọ̀lẹ.

Lọ́jọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ló ń gùn. Kì í mọ ibi tó ń lọ títí yóò fi dé oríta. Ó ti gba ọ̀nà Adjarra lọ rí, tó jókòó ti àwọn amọ̀kòkò títí ebi fi lé e wálé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé Sèmè-Kpodji, òjò ló lé e wọ abẹ́ àtíbàbà apẹja kan tó ń jẹ́ Soulé. Adizatou, ìyàwó Soulé, fún un ní gàrí àti ẹja díndín. Bí wọ́n ṣe ń jẹun, Soulé ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ bí òun ṣe ń fi ọkọ̀ òun gbé àwọn tí kò ní ìwé ìrìnnà gba orí ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. Ṣówándé fẹ́ràn ọkùnrin náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tó délé, Tàntí Alphonsine ń dáná lágbàlá.

"Ibo lẹ gbà lónìí, Mùsié?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó máa ń sọ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Désiré, ọmọ àbúrò obìnrin náà, yà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì wá jẹun gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ àdúgbò ni Désiré ń bá ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Sátidé, Ṣówándé ra búrẹ́dì, ó tún gba Sèmè-Kpodji lọ. Adizatou nìkan ló bá lábẹ́ àtíbàbà. Kò kí i.

"Wọ́n ti mú un láàárọ̀ yìí," ni Adizatou wí. "Gbogbo ohun tó bá yín sọ ni wọ́n ń kà sí i létí. Àwọn tó gbé kọjá, ibi tó ti ń dúró dè wọ́n. Títí kan gàrí tí mo fún yín jẹ! Ta lẹ sọ fún?"

Orí Ṣówándé gbóná. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé òun sọ fún. Ó gbé Adizatou sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó sì gùn ún lọ tààrà sí Houinmè.

Láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà, kò fojú di opó náà rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó dúró láàárín àgbàlá, ó sì pariwo, "Ìwọ obìnrin yìí! O jẹun lọ́wọ́ mi, o gba owó ilé lọ́wọ́ mi, o wá lọ ta ọkọ ọlọ́kọ!"

Àwọn aládùúgbò yọjú. Adizatou tutọ́ sílẹ̀ níwájú Alphonsine.

"Mo fi Jésù búra," ni Alphonsine wí. "Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Désiré ńkọ́? Òun kì í ṣe ènìyàn?"

Alphonsine bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ bi í. Bó bá jẹ́ èmi ni, kí gbogbo Houinmè sọ mí lókùúta. Bí kì í bá ṣe èmi, ẹ kó ẹrù yín kúrò nílé mi, Mùsié."

Wọ́n bá Désiré lẹ́nu iṣẹ́. Ó dìde nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Ṣówándé kò jẹ́ kó kí i tán tó fi lu tábìlì.

"Ta ló fẹjọ́ Soulé sùn? Mo fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ lójú obìnrin yìí."

Désiré dáhùn pé, "Tàntí mi kò sọ nǹkan kan fún mi, Kàmáráàdì. Ẹni tó ṣe é fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún wa lọ́jọ́bọ̀ ni."

"Ẹ gbé e wá!"

Désiré fa dúrọ́ọ̀ yọ, ó gbé ìwé kan sórí tábìlì, ó sì ṣí i.

Adizatou, tí kò mọ̀wé, di apá aṣọ Ṣówándé mú pé kó ka orúkọ ọ̀dàlẹ̀ náà sí òun létí, ṣùgbọ́n ìwé kíláàsì Ṣówándé fúnra rẹ̀ ni, èyí tí ọ̀gá fọwọ́ sí tó sì fi ránṣẹ́; ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ọjọ́ Ajé ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú gàrí, ẹja díndín àti ọ̀nà Àgbádárìgì, láìfo ìlà kan, àti orúkọ tirẹ̀ nísàlẹ̀.