Àwọ̀n Ẹ̀fọn fún Ọmọ Tí Ebi Ń Pa

Helen fẹ́ràn orúkọ rere ju òtítọ́ lọ. Òun ni nọ́ọ̀sì àgbà ní ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí Òde-Ayé, òun ló sì ń kọ ohun tó pa ọmọdé ránṣẹ́ sí ìjọba.

Lọ́jọ́ kan, ìbátan rẹ̀ tó ń jẹ́ Jethro gbé òkú ọmọ rẹ̀ wá. Pupuru lásán, oúnjẹ tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ni ọmọ náà ń jẹ. Ẹyin àti ẹja ilé wọn, ọjà Òkìtìpupa ni wọ́n ń kó o lọ. Nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ wú, tí irun rẹ̀ pọ́n, wọ́n ní ó ń sanra ni.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ebi,” ni Jethro bẹ̀ ẹ́. “Ojú wo la ó fi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Ebi kẹ̀? Nílé tiwa?” Helen kọ ibà.

Láti ọjọ́ náà, nínú ìwé Helen, ibà ló ń pa gbogbo ọmọ. Àwọn ọ̀gá ní Àkúrẹ́ yìn ín pé ebi kò sí lágbègbè rẹ̀. Wọ́n kó àwọ̀n ẹ̀fọn wá rẹpẹtẹ. Oúnjẹ ìtọ́jú tí wọ́n fi ń gba àwọn ọmọ tí ebi ń pa là, ibòmíràn ni wọ́n kó o lọ.

“Nọ́ọ̀sì, ṣé ká se àwọ̀n yìí lọ́bẹ̀ ni?” ni ìyá kan fi ṣe yẹ̀yẹ́. Helen rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú obìnrin náà.

Nígbà tó yá, Vivian, ọmọ Helen, gbé ọmọ tirẹ̀, Jésùtómi, dé láti Ìlútítun. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wú.

“Kí ló dé tó ò tètè wá?”

“Màámi, ẹ̀yin lẹ ní ebi kì í wọ ilé wa. Ojú ló tì mí.”

Helen ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti wá oúnjẹ ìtọ́jú. Àwọ̀n ẹ̀fọn ló kún ibẹ̀. Wọ́n wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Òkìtìpupa, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, Jésùtómi ti dákẹ́ lọ́wọ́ Helen.

Ìjọba rán òṣìṣẹ́ wọn kan, Olúyọmí, wá ṣe ìwádìí ikú ọmọ náà. “Mà, ṣé ibà náà ni?”

“Ebi ni. Ebi ló pa ọmọ Jethro náà. Èmi ni mo parọ́.”

Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Jethro wá kí i kú ọ̀fọ̀, ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí, èmi ni mo bẹ̀ yín.”

“Èmi ni mo gbà,” ni Helen wí. Títí di òní, bó bá rí àwọ̀n ẹ̀fọn funfun tí wọ́n ta mọ́ ọgbà ẹnikẹ́ni, ṣe ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fi ti Helen kọ́gbọ́n. Kì í ṣe ẹ̀gbin láti sọ pé ebi ń pa ọmọ wa. Ká fi í pamọ́ ni ẹ̀gbin. Ìjọba kò ní bọ́ ọmọ tí a ti kọ̀wé pé ó yó. Ẹni tó bá purọ́ nípa ohun tó pa òkú, àwọn ọmọ tó ṣì wà láàyè ló ń ṣe níkà.