Àwọn Ọ̀lẹ Inú Ìgò

Mujeebat gbé ìgò òróró ẹ̀pà méjì sínú àgbada iyanrìn lílọ́wọ́ọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó so òwú pupa mọ́ ọrùn ọ̀kan, ó da ẹ́ńsáìmù sí i. Ìrun Alásàrí tó, ìyá àgbà náà, Ìyá Àdìjátù, lọ ṣe àlùwàlá. Nígbà tó padà dé, Mujeebat ti dé ìgò méjèèjì.

“Kí tiẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù yìí ń ṣe?”

“Òṣìṣẹ́ kéékèèké ni wọ́n, Ìyá àgbà. Àwọn ló ń sọ òróró di ìda. Mò ń lọ pàdé àwọn tó fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò n'Íbàdàn, màá mú wọn wá síbí l'Ọ́jọ́bọ̀. Bí wọn kò bá gbà á, ọdún mẹ́ta tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí wọ igbó nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

“Ṣé èmi lo fẹ́ kọ́ bí a ti ń ṣe àlejò?”

Láràárọ̀ ni ìyá ń kí àwọn ìgò náà kú iṣẹ́. Ó ki oríkì Òkè, ọkọ rẹ̀ tó ti kú, fún wọn, kí wọ́n lè mọ ilé ẹni tí wọ́n wà: ilé ahunṣọ tí òwú kì í já mọ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, ìgò olówùú pupa dì gbagidi. Ìkejì ṣì ń ṣàn bí omi.

“Ojú ò tì yín?” ni ìyá wí fún un. “Iyanrìn kan náà, ìkíni kan náà! Ẹgbẹ́ yín ti parí iṣẹ́, ẹ̀yin ń lúwẹ̀ẹ́.”

Akíntọ́lá aládùúgbò yọjú. “Ìyá Àdìjátù, ta lẹ ń bá jà?”

“Àwọn ọ̀lẹ kan ni.”

“Ẹ lé wọn dànù!”

“Ọmọ mi ló gbà wọ́n síṣẹ́.”

L'Ọ́jọ́rú, ìyá ṣí àpótí ọkọ rẹ̀. Ìda oyin tí Òkè fi ń pa òwú òfì kù síbẹ̀, ó tó ìkúùkù. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó yọ́ ọ lórí iná, ó da òróró inú ìgò kejì nù, ó rọ ìda sí i.

L'Ọ́jọ́bọ̀, Ọláyanjú, olórí àwọn àlejò láti Ìbàdàn, dojú ìgò olówùú pupa dé. Nǹkan kan kò kán. Ó mi orí, inú rẹ̀ dùn. Ìyá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkejì, ó ti fi ìborùn rẹ̀ bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Èyí tí mo fi ẹ́ńsáìmù sí nìyẹn, sà,” ni Mujeebat wí, ó sì na ọwọ́ sí ìborùn náà, “ẹ wá wo èyí tí n kò fi nǹkan kan sí, kí ẹ lè fojú ara yín rí i pé òróró kì í ṣàdédé di ìda.”